Kílọ́ọ̀ṣì Ni Mo Ń Ra Ọ́ìlì Fún, Kì Í Ṣe Jíà

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú alùpùpù, nídìí Suzuki AX100 tí ẹ̀gbọ́n mi ń gùn lọ sọ́jà, ohun tí mo sì gbà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì wa nígbà náà ni pé bí ọ́ìlì bá ṣe ki tó ni jíà ṣe ń pẹ́ tó. Ìmọ̀ yìí ni mo gbé dé Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo ra alùpùpù trials àlòkù kan níbẹ̀, two-stroke 250 cc, ọ́ìlì jíà ọkọ̀, 80W-90 tí wọ́n kọ GL-5 sí lára, ni mo rọ sínú rẹ̀ láì ṣí ìwé rẹ̀ wò.

Fún ẹni tí kò bá mọ trials, kì í ṣe eré ìje. Orí àpáta, gbòǹgbò igi àti inú odò ni a ti ń gun alùpùpù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀: bí ó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ àmì kan síni lọ́rùn, bí a bá kùnà pátápátá, wọ́n á kọ márùn-ún, ẹni tí àmì rẹ̀ bá kéré jù ló sì ń borí. Nítorí náà, ìka kan kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí ń já agbára ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà bí a bá fà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, mo dúró sétí odò kékeré kan, mo fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí, síbẹ̀ alùpùpù ń fà mí lọ bí ajá tí ó gbóòórùn ẹran. Inú omi tútù yẹn ni mo ti rí i pé ọ́ìlì mi ti ki jù: ó dì mọ́ àárín àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì lè tú sílẹ̀ lára ara wọn.

Ó yẹ kí n ti ronú kan ibẹ̀. Nínú two-stroke, ọ́ìlì tí a pò mọ́ pẹtiróòlù ló ń bójú tó písítìnì àti kiráńkì, kò sì dé inú jíà rárá. Ọ́ìlì ti jíà dá wà ní tirẹ̀, kò rí èéfín, àmọ́ inú rẹ̀ gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń wẹ̀. GL-5, ní tirẹ̀, jíà ìdí ọkọ̀ tí ń yí táyà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó pò ó kò ro ti kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn.

Mo wá bọ́ sí òdìkejì. Mo rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì mọ́tò tí ó ṣẹ́kù nílé, 5W-30, irú èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń dín epo tí mọ́tò ń jẹ kù. Ó tú sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lórí òkè, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀: ẹ́ńjìnì ń ké, táyà kò yí. Èròjà tí ń mú nǹkan yọ̀, tí ó ń ran mọ́tò lọ́wọ́, ni ọ̀tá kílọ́ọ̀ṣì tí ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a wá àmì JASO, ìlànà àwọn ará Japan fún ọ́ìlì alùpùpù, lára ike: MA tàbí MA2 dára fún kílọ́ọ̀ṣì wa, MB kò dára.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín jẹ o. Ìwọ̀n kíki ti ọ́ìlì jíà yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnì. Nígbà tí wọ́n bá gbóná, ọ́ìlì jíà tí wọ́n kọ 80 sí fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ẹ́ńjìnì tí wọ́n kọ 40 sí lọ.

ATF ni mo wá fìdí kalẹ̀ sí, ọ́ìlì pupa ti jíà ọ̀tọmátíìkì. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé ó bá a mu, nítorí pé inú jíà ọ̀tọmátíìkì náà kún fún pléètì tí ń dì mú tí ó sì ń tú sílẹ̀ nínú ọ́ìlì, kì í sì í ki nínú òtútù. Irú Dexron III ni mo ń lò. General Motors, ilé-iṣẹ́ mọ́tò tí ó ni orúkọ yẹn, ti dáwọ́ àṣẹ lórí rẹ̀ dúró láti òpin ọdún 2006, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó pò ó nìkan ni ẹ óò gbà gbọ́. Dexron VI tí ó rọ́pò rẹ̀ tún fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i. Síbẹ̀, bí ìwé alùpùpù yín bá ní kí ẹ lo 10W-40 MA2 tàbí 75W, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Owó ATF kò pọ̀, èyí tí jíà ń gbà kò sì kún lítà kan, nítorí náà mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ léraléra, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú wáṣà tuntun, láì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù, nítorí pé alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnì. Mo máa ń wọn èyí tí ó jáde. Bí ó bá ti dín kù, tí èéfín funfun sì ń jáde, ọ́ìlì síìlì kiráńkì níhà kílọ́ọ̀ṣì ti ń jò, ẹ́ńjìnì ló ń mu ún. Bí ó bá sì jáde bíi wàrà tí a ta epo pupa sí, omi ti wọlé, mo sì máa ń kọ́kọ́ fura sí síìlì wọ́tà-pọ́ọ̀ǹpù, àfi bí mo bá rántí odò tí mo ṣubú sí lọ́jọ́ Sunday.