Epo kò dé kábúrétọ̀

Tòkunbọ̀ ni katakata kékeré tí mo fi ń gé koríko nínú oko máńgòrò wa ní Kuje. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ló wá ń dá mi lágara. Á ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á kú. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí.

Mekáníìkì àkọ́kọ́ ní kábúrétọ̀ ni, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, mo sanwó. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kú sábẹ́ igi kaṣú. Èkejì ní kí n ra kábúrétọ̀ tuntun, mo kọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó wo ibi tí epo ti ń bọ̀.

Ní Sátidé, èmi àti àbúrò ìyàwó mi jókòó tì í. Bó ṣe kú báyìí, mo rọra ṣí ìdérí táǹkì. Ó dún fííì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Afẹ́fẹ́ ló ń fà sínú yẹn o!"

Ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti èérún koríko ti dí i pa. Ẹni tó bá ti lu agolo mílíìkì ní ihò kan ṣoṣo rí á mọ̀ ọ́n: kì í dà. Mo fi abẹ́rẹ́ la ihò náà, mo sì fi ọṣẹ fọ ìdérí.

A ò dúró síbẹ̀. Mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kí iná má baà ta, a fa rọ́bà epo kúrò lára kábúrétọ̀, a ki ẹnu rẹ̀ bọ ìgò ike, a wá yí ẹ́ńjìnnì. Tó... tó... tó. Ẹ̀kán lásán. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa epo láti táǹkì lọ sí kábúrétọ̀ ló kù tí a ó wò, tèmi kì í sì í lo iná. Bí písítìnì bá ń lọ sókè sódò, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì á gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ mi awọ inú pọ́ọ̀ǹpù, awọ yẹn ló sì ń fa epo. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti sán níbi tó ti wọ ẹnu pọ́ọ̀ǹpù, débi pé èékánná mi wọ ojú ibi tó sán. Mo ra tuntun, mo pààrọ̀ rọ́bà epo àti asẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọfà ara asẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì o.

Epo tí mo fi sínú táǹkì láti oṣù kọkànlá ti yí òórùn padà, ìpẹtà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A da òkúta wẹ́wẹ́ àti epo díẹ̀ sí i, a gbọ̀n ọ́n, a ṣàn án títí ó fi mọ́. Lọ́dún yìí, bí òjò bá ti dá, màá fa gbogbo epo inú rẹ̀ jáde.

Nígbà tí a tún yí i, epo ń tú pùà, pùà sínú ìgò. A gé koríko títí tí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gáríbì, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Kábúrétọ̀ tí wọ́n ní kí n jù nù ṣì wà níbẹ̀.