Alẹ́ Ọ̀rọ̀ Igbó àti Òkè ní Òṣogbo

Ẹni tó bá ń wá ìdí tí òun yóò fi wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo nígbà tí kì í ṣe àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, ó ti rí i lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ máa ń pe ìpàdé alẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ igbó, òkè àti odò a wá jókòó sọ ohun tí ojú wọn rí. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ẹni tó ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń wo irú aṣọ tí ẹ wọ̀.

Láti Ìbàdàn ni èmi ti lọ. Gáréèjì Ìwó Road la ti wọkọ̀, a ra dòdò Ìkirè lójú ọ̀nà, a yà ní Gbọ̀ngán, ó di Ẹdẹ, ó di Òṣogbo. Ìrìn náà kò le rárá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Aṣèjíré, ẹ bá mi wo omi tí wọ́n sé síbẹ̀ dáadáa: odò Ọ̀ṣun ni. Òun ni wọ́n ń fà wá sí Ìbàdàn tí a fi ń se oúnjẹ, tí a fi ń wẹ ọmọ. Ọmọ Ìbàdàn kan kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun kò kan òun.

Aago méje ti kọjá díẹ̀, wọ́n ti kírun mọ̀gáríbì tán, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Òkè-Fìà. Mo fara mọ́ àkókò yẹn gan-an. Télọ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì ti fọwọ́, ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba ti palẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi í sí ọ̀sán, àwọn wọ̀nyí kò ní lè wá. Yorùbá ni wọ́n sì fi sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti lọ síbi tí wọ́n ti ń fi òyìnbó sọ̀rọ̀ igbó fún àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ọdẹ, tí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà jù sì jókòó sẹ́yìn láìfọhùn. Ti Òṣogbo kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń mú àlejò gun Olúmìrìn, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìpele méje ni omi náà ní, ọ̀pọ̀ èèyàn a sì ya fọ́tò ní ìpele àkọ́kọ́, wọn a padà sílé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gòkè sí i kó wọ bàtà tí kì í yọ̀, kó má sì fi ojú ọ̀run tó wà lórí rẹ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí, torí òjò lè máa rọ̀ lókè kí omi sì ya dé bá èèyàn nísàlẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń ràn.

Bàbá ọdẹ kan ló tẹ̀ lé e. Bàbá ò lo àwòrán kankan. Wọ́n gbé àwo pẹrẹsẹ kan sórí tábìlì, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n wá fi ìka méjì tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹtu sí i. “Ẹ súnmọ́ ibí.” Gbogbo wa dìde. Wọ́n ní ipasẹ̀ tuntun, etí rẹ̀ a dá ṣáká bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Wọ́n fi omi díẹ̀ wọ́n ọn bí ẹni pé ìrì sẹ̀, etí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó lójú wa. Bí aláǹtakùn bá ti ta owú lé e, ẹranko náà ti lọ tipẹ́. Bí koríko tó tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń dìde lọ́wọ́, kí èèyàn dúró jẹ́ẹ́, kò tíì jìnnà. Ọmọkùnrin kan ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì ń yìnbọn?” Wọ́n ní àwọn ti gbé ìbọn kọ́, ìwòran ni àwọn ń bá lọ sígbó báyìí, torí ẹtu ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Wọ́n tún mẹ́nu ba Tìmẹ́hìn. Nínú ìtàn Òṣogbo, òun àti Láróòyè ló kó èèyàn wọn wá nígbà tí omi wọ́n wọn. Tìmẹ́hìn tó jẹ́ ọdẹ ló rí odò. Igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹsẹ̀ ọdẹ ló ṣáájú ìlú yìí, Bàbá sì sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ aṣọ rírán ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa: bí ejò bá buni jẹ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n má sín in, kí wọ́n má fẹnu fa á, kí wọ́n má so ó pa. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kó tó wú, kí ojú ibẹ̀ má mì, kí wọ́n sì sáré gbé onítọ̀hún dé ilé ìwòsàn. Bàbá ọdẹ fọwọ́ sí i: ọ̀rọ̀ paramọ́lẹ̀ kò gba kí èèyàn máa wá ewé kiri.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, díẹ̀ nínú wa gba Igbó Ọ̀ṣun lọ. Hẹ́kítà 75 ni. Ní 2005 ni UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi. Ère tí Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí mọ ló sábà máa ń gba ojú mi níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ ni mò ń wò. Nínú ẹrẹ̀ létí ọ̀nà, mo rí ojú ọwọ́ ọ̀bọ, ìka gígùn mẹ́rin, àtàǹpàkò yà sọ́tọ̀, etí rẹ̀ dá ṣáká. Kò pẹ́ tí ẹ̀ka igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì lókè orí wa.

Omi Ọ̀ṣun ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Ó pọ́n, ó sì ki. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń fọ erùpẹ̀ sí i. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn kí wọ́n má mu ún.

Mo bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò ìpàdé náà sọ̀rọ̀ kí n tó padà. Mo ní kí wọ́n fi odindi alẹ́ kan sọ ti odò yìí, láti Ìgèdè-Èkìtì tó ti ń sun títí dé ọ̀sà Lẹ́kí. Kí apẹja wá, kí aláró wá, kí ẹni tó ń wa góòlù náà wá, ká gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní owó ọkọ̀ àwọn àlejò ni ìṣòro, torí wọn ò fẹ́ gbowó lẹ́nu ọ̀nà láéláé. Àwa ará Ìbàdàn ti ń dá owó ọkọ̀ náà jọ.