Kí Ẹ Tó Wá Àpilẹ̀kọ, Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ìwé Tó Tọ́ka Rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa wá bá yín ni yóò sọ pé àpilẹ̀kọ kan ni àwọn ń wá nínú ìwé àtìgbàdégbà àtijọ́, láìmọ ọdún tó jáde. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kí a má tíì sáré lọ sídìí pẹpẹ. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, ìwé atọ́ka wo, ìyẹn ìwé tó ń to àwọn àpilẹ̀kọ àti ibi tí a ti lè rí wọn, ló kó ìwé àtìgbàdégbà yìí mọ́ra, láti ọdún wo sí ọdún wo?

Kátálọ́ọ̀gì máa ń dáhùn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kì í sábà hàn sí òǹkàwé. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ MARC ìwé náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ onílà-onínọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ń kà, kí ẹ wo ìlà 510. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ orúkọ ìwé atọ́ka, àti àwọn ọdún tó kárí nígbà mìíràn. Ẹ má fojú fo nọ́ńbà kékeré tó ṣáájú rẹ̀: 1 ń sọ pé gbogbo inú ìwé náà ni wọ́n tọ́ka, 2 ń sọ pé ṣe ni wọ́n ṣà á, 0 sì ń sọ pé a kò mọ bó ṣe jẹ́. Níbi tí ẹ bá ti rí 2, ẹ má ṣe sọ fún òǹkàwé pé àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò sí, kìkì nítorí pé ẹ kò bá a nínú atọ́ka.

Bí ìlà náà bá ṣófo, ó sì máa ń ṣófo dáadáa, ẹ lọ sínú Ulrich's, àkójọ orúkọ àwọn ìwé àtìgbàdégbà tó ti ń jáde láti ọdún 1932, níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn atọ́ka sábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn jọ́nà pàápàá máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn èèpo wọn pé ibi báyìí ni a ti ń tọ́ka àwọn. Èmi kì í gba ìyẹn gbọ́ tán. Orúkọ tí atọ́ka fúnra rẹ̀ tò síwájú ìdìpọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń gbára lé.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ mọ ohun tí àwọn ìwé àtìgbàdégbà ìlú Òyìnbó kọ nípa ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1860. Readers' Guide, ìwé atọ́ka ti Amẹ́ríkà, kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ọdún 1901 ló bẹ̀rẹ̀. Poole's Index, ìwé atọ́ka tó ṣáájú rẹ̀, ni kí ẹ gbé fún un, èyí tí ìdìpọ̀ ńlá rẹ̀ ti ọdún 1882 bẹ̀rẹ̀ láti 1802, tí àwọn àfikún rẹ̀ sì dé òpin 1906. Ṣùgbọ́n nínú ìdìpọ̀ ńlá yẹn, ìgékúrú orúkọ ìwé, nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ojú ìwé nìkan ni ẹ máa rí. Kò sí ọdún. Tábìlì kan wà níwájú tó to ìdìpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún, ẹ kọ́ bí a ṣe ń kà á kí ẹnikẹ́ni tó bi yín. Ní ti àwọn àpilẹ̀kọ tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, tí wọ́n pọ̀ gan-an nígbà náà, Wellesley Index, ìwé atọ́ka mìíràn tó kárí 1824 sí 1900, ti tú àṣírí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Readers' Guide náà ní ìgékúrú tirẹ̀ fún orúkọ oṣù: Ja ni oṣù kìíní, Je ni oṣù kẹfà, Jl ni oṣù keje, Mr ni oṣù kẹta, My sì ni oṣù karùn-ún. Ẹ ka ìlà náà pẹ̀lú òǹkàwé kó tó kúrò níwájú yín.

Ìṣòro tó le jù ni ti àwọn ìwé tiwa. Ẹni tó bá ń wá àpilẹ̀kọ nínú Black Orpheus, ìwé àtìgbàdégbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957, kò ní bá a nínú Readers' Guide, nítorí àwọn ìwé tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ìyẹn ń tọ́ka. Africa Bibliography, tó ń to àwọn iṣẹ́ tí a kọ nípa Áfíríkà, wúlò, àmọ́ orí àwọn iṣẹ́ ọdún 1984 ló ti bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tó ṣáájú ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn ìdìpọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá wọ́n tẹ atọ́ka ọdún síbẹ̀. Àwọn atẹ̀wé mìíràn máa ń fi í ránṣẹ́ lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀dà ìkẹyìn bá ti jáde, ìwé pẹlẹbẹ tó rọrùn láti dà nù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kó ẹ̀dà lọ fún adìwé, ẹ fi í sáàárín wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìdìpọ̀.