Ihò inú "e" ti dí

Mo ń ṣe pósítà kan lálẹ́ àná. Mo fi irú lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní Impact kọ àkọlé rẹ̀, ó sì dúró gbagidi bí ògiri. Ó wù mí débi pé mo tún fi kọ àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀.

Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ihò inú "e" àti "a" ti dí pátápátá! Ara lẹ́tà yìí ki, ó fún mọ́ra, ihò inú rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, n ò rí nǹkan kà.

Geoffrey Lee ló ya lẹ́tà Impact yìí, ó jáde ní 1965, àkọlé ńlá ló sì wà fún. Mo fi lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tún ìsàlẹ̀ kọ. Àkọlé náà wá ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó mà dára o!

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí?