BFD: nígbà tí iná ráútà ń tàn, tí ọ̀nà sì ti kú

Ibi tí súwíìṣì tàbí rédíò bá ti wà láàárín ráútà méjì ni wàhálà yìí ti ń wá. Ọ̀nà já lọ́hùn-ún, àmọ́ iná pọ́ọ̀tù tiyín ṣì ń tàn, torí súwíìṣì ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ráútà kejì. OSPF, ọ̀kan lára àwọn èdè tí ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 40 kó tó gbà pé aládùúgbò òun ti lọ. BGP, èdè mìíràn irú rẹ̀, lórí ráútà Cisco, á dúró fún 180. Ọ̀nà kejì tí ẹ fowó rà á sì káwọ́ lẹ́rán.

BFD (Bidirectional Forwarding Detection) ni ráútà méjì fi ń tètè mọ̀ bóyá ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ ṣì wà. Pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké ló ń fi ránṣẹ́ lórí UDP 3784, látọ̀tún látòsì. Lórí Cisco IOS (ètò tó ń darí ráútà Cisco), ẹ wọ abẹ́ interface (pọ́ọ̀tù náà), kí ẹ kọ:

bfd interval 300 min_rx 300 multiplier 3

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ bfd all-interfaces sábẹ́ router ospf 1. Ti BGP ni neighbor 10.0.0.2 fall-over bfd. Bí ẹ bá kọ ìlà àkọ́kọ́ nìkan, show bfd neighbors á ṣófo, torí kò sẹ́ni tó pe BFD síṣẹ́. Ráútà méjèèjì lẹ máa ṣe é sí.

Ní 300 lọ́nà 3 (pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí kò dé), ó di 900 mìlísẹ́kọ́ńdì kí a tó mọ̀ pé ọ̀nà ti já. Bí ẹnì kan kọ 50, tí ẹnì kejì kọ 300, ẹni tó lọ́ra ni wọ́n máa bá rìn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré kọ 50. Ẹ má ṣe é lórí ráútà tó jẹ́ CPU (ọpọlọ ráútà) ló ń ṣe iṣẹ́ BFD. Bí ọwọ́ CPU bá dí fún 150 mìlísẹ́kọ́ńdì péré, BFD á pariwo pé aládùúgbò ti kú, OSPF á tún ọ̀nà ṣírò, ìṣirò yẹn á tún dí CPU lọ́wọ́, ni ọ̀nà tí kò ṣe nǹkan kan á bá máa kú, á máa jí.

Echo, ìyẹn pákẹ́ẹ̀tì BFD tí ráútà ń rán jáde kí ó lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀, náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Àdírẹ́sì ráútà fúnra rẹ̀ ló wà lórí pákẹ́ẹ̀tì náà, níbi tó ti ń bọ̀ àti níbi tó ń lọ. Ojú ọ̀nà tó gbà wọlé ni ráútà kejì á gbà dá a padà, á sì máa fi ICMP redirect (ìsọfúnni pé ọ̀nà mìíràn dára jù) ránṣẹ́. Ẹ kọ no ip redirects. Bí uRPF (àyẹ̀wò bóyá pákẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà tó yẹ wọlé) bá wà níbẹ̀, ẹ pa echo pẹ̀lú no bfd echo. Bí access list (òfin tó ń sọ pákẹ́ẹ̀tì tó lè kọjá) bá sì wà, ẹ jẹ́ kí UDP 3784 àti 3785 (ti echo) kọjá.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má yọ wáyà ara ráútà yín: pọ́ọ̀tù á ti mọ̀ kí BFD tó mọ̀. Wáyà tó wà láàárín súwíìṣì àti ráútà kejì ni kí ẹ yọ. Bí BFD bá já láàárín àáyá kan, tí dátà kò sì tètè yà sí ọ̀nà kejì, ẹ lọ wo timers throttle spf, tó ń pinnu bí OSPF ṣe máa dúró tó kó tó tún ọ̀nà ṣírò. Lórí àwọn IOS àtijọ́, OSPF máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.