Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé okùn rọ́bà
Ẹ ẹ̀ ní gbàgbọ́ o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá mi tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ ejò gbígbé ò jẹ́ kí n sún mọ́ ejò kankan, àfi kí n máa fi ọ̀pá onírin tó ní ìkọ́ lẹ́nu gbé okùn rọ́bà nílẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n dé e, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Àfìgbà tá a ṣí àpótí sèbé níjọ́ kan, kí n tó ṣẹ́jú ó ti tu oró sí mi, awò tí mo wọ̀ ló gbà mí. Tó bá wọlé sójú, omi púpọ̀ lẹ ó fi ṣàn án o, kì í ṣe àgbo.

Paramọ́lẹ̀ lèmi ń bẹ̀rù jù ṣá, á sùn kalẹ̀ bí ọ̀lẹ, kò ní sá, àmọ́ tó bá fẹ́ ṣán ẹ, ojú ò lè bá a. Ọ̀gá mi kì í sì ṣí àpótí láìkọ́kọ́ pe ọsibítù wò bóyá EchiTAb Plus, abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún oró ejò tiwa ní Nàìjíríà níbí, wà nílẹ̀. Tí kò bá sí, ká máa lọ sílé nìyẹn.