Ọmọ ọwọ́ ní ìpàdé ọdún 1896

Ní ọ̀sán àná, mo pọn ọmọ mi dé iwájú ilé Mary McLeod Bethune, olùkọ́ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà nì, ní òpópónà Vermont, ní ìlú Washington, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1935 fi ṣe olú ilé nígbà kan. Ṣùgbọ́n ìpàdé àpapọ̀ tí ó ṣáájú tirẹ̀ ni ó gba ọkàn mi. Ní oṣù Keje ọdún 1895, Josephine St. Pierre Ruffin, ajìjàgbara adúláwọ̀, pe àwọn obìnrin adúláwọ̀ jọ sí ìlú Boston, nítorí pé oníwèé ìròyìn aláwọ̀ funfun kan ti kọ lẹ́tà tí ó fi bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n pàdé ní Washington yìí kan náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà sílẹ̀, Mary Church Terrell sì di ààrẹ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni Ida B. Wells, akọ̀ròyìn adúláwọ̀, gbé ọmọ rẹ̀ tí kò ju bí oṣù mẹ́rin lọ wá, tí ìyá àgbà Harriet Tubman, ẹni tí ó ti kó ọ̀pọ̀ ẹrú lọ sí òmìnira, sì fi ọmọ náà han gbogbo ìjókòó. Àwọn èrò ọkọ̀ sì ń wò mí ní ìwòkuwò nítorí ọmọ mi tí ń ké! Mo tún ọ̀já mi dì, mo sì wọlé.